Idì tó ń fọ́ ẹnu ara ẹ̀ mọ́ àpáta: ṣé òótọ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Tíṣà Sunday school ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa níbí. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé tí idì bá pé ọdún 40, á gun orí òkè lọ, á fọ́ ẹnu ẹ̀ mọ́ àpáta, á fa èékánná àti ìyẹ́ ara ẹ̀ tu, á wà níbẹ̀ fún oṣù 5 títí gbogbo ẹ̀ á fi hù padà, á wá tún lo ọdún 30 sí i. Ibi ìwàásù ni mo ti gbọ́ ọ, wọ́n tún fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń ka zoology dé fún hólídè, ó ní irọ́ gbuu ni. Ojú tì mí sà. Ṣé irọ́ ni lóòótọ́? Tó bá jẹ́ irọ́, ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká máa fi ẹyẹ àti ẹranko kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀mí, àbí ká kúkú jókòó ti Bíbélì nìkan?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa mà, ẹ sì kú ilé ọmọ. Kí n tètè sọ ọ́ kó kúrò lọ́nà, òótọ́ lọmọ yín sọ. Kò sí idì kankan láyé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé á dun àwọn kan, torí ìwàásù yẹn ti gbilẹ̀ ní Nàìjíríà kọjá sísọ, tí ọdún bá ti ń parí lọ báyìí ẹ ó gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì bíi mélòó kan, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí.

Ẹnu idì, egungun ló wà nínú lọ́hùn-ún, ohun tó bò ó lóde ló jẹ́ irú nǹkan kan náà tí èékánná àwa èèyàn jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nìyẹn ń hù lójoojúmọ́, bó ṣe ń hù náà ló ń jẹ lọ lórí oúnjẹ àti lára igi tí ẹyẹ náà ń nù ún sí. Tó bá wá fọ́ ọ dé egungun, ó parí nìyẹn, kò ní hù mọ́, ẹyẹ tí ò lẹ́nu ò sì lè ya ẹran jẹ, ebi ló máa pa á. Oṣù 5 láìjẹun kẹ̀? Idì wo ló máa rí ìyẹn ṣe? Ọ̀pọ̀ àwọn idì ńlá inú igbó, ọdún 20 sí 30 ni wọ́n ń lò láyé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń sún mọ́ 40, ìyẹn ni pé ọjọ́ orí tí ìtàn yẹn ní kí wọ́n lọ tún ara wọn bí, púpọ̀ nínú wọn ti kú kó tó dé ibẹ̀. Ti ìyẹ́ nìkan ni ìtàn yẹn fi sún mọ́ òótọ́ díẹ̀, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ ìyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, èyí ń bọ́, ìyẹn ń hù, wọ́n ṣì ń fò, wọ́n ṣì ń ṣọdẹ, kò sẹ́ni tó fà á tu fún wọn, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ ó ní ṣebí Sáàmù 103:5 wà ńbẹ̀, tó ní ìgbà èwe wa á di ọ̀tun bíi ti idì. Ó wà níbẹ̀ mà. Ẹ bá mi padà lọ kà á, kí ẹ wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹsẹ yẹn. Olúwa ló ń fi ohun rere tẹ́ni náà lọ́rùn, ìyẹn ló fi ń di ọ̀tun. Ẹni tí wọ́n ń bọ́ ni, kò fọ́ ẹnu mọ́ nǹkan kan. Ohun tó ń bí mi nínú sí ìtàn WhatsApp yẹn gan-an nìyí, ó ju pé kì í ṣe òótọ́ lọ: nínú ìtàn náà idì ló gba ara ẹ̀ là, agídí àti ìfaradà ìrora ẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀tun, Ọlọ́run ò sí níbẹ̀ rárá, ẹ lè yọ orúkọ Olúwa kúrò kí ẹ lọ sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn tó ń ta ọjà network, á sì bá a mu dáadáa. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí èèyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ hun ẹyẹ: ohun tó ti wà lọ́kàn ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹyẹ yẹn máa wàásù fún un.

Kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o. Àwọn Kristẹni Yúróòpù ìgbà àtijọ́ gbà gbọ́ pé ẹyẹ òfú (pelican) máa ń fi ẹnu gún àyà ara ẹ̀ kó lè fi ẹ̀jẹ̀ bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀, wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ Jésù, wọ́n gbẹ́ ẹ sára pẹpẹ, títí dòní ẹ ṣì lè rí i ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan. Ẹja ni òfú ń pọ̀ jáde látinú àpò ọ̀fun ẹ̀ fún ọmọ jàre. Èrò àwọn èèyàn yẹn dáa, ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ni náà dáa, àmọ́ wọn ò wo òfú.

Ìbéèrè yín kejì wá ni mo fẹ́ dúró lé dáadáa. Ẹ má ṣe jáwọ́ o! Bíbélì tẹ́ ẹ fẹ́ jókòó tì yẹn gan-an ló ń lé wa jáde síta. Jóòbù 12:7 ní ká lọ bi àwọn ẹranko, ká bi ẹyẹ ojú ọ̀run, wọ́n á sọ fún wa. Nínú Àwọn Ọba Kìíní 4:33, ara ọgbọ́n tí wọ́n kà sí Sólómọ́nì lọ́rùn ni pé ó lè sọ̀rọ̀ lórí igi, láti orí kédárì Lẹ́bánónì títí dé hísópù tó ń hù lára ògiri, ó tún lè sọ̀rọ̀ lórí ẹranko, ẹyẹ, ohun tó ń rákò àti ẹja. Ẹ wo ìyẹn ná, ọba tó ní ìjọba láti tọ́, tó ráyè wo ewéko ara ògiri. Jésù fúnra ẹ̀, orí òkè, ní ìta gbangba, ló ti ní káwọn èèyàn wo ẹyẹ. Àwa ló kó ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú hall, a ti wíńdò, a tan AC, a wá ń fi projector wo ẹyẹ Amẹ́ríkà.

Torí náà, ohun tí mo máa sọ fún yín kò ju pé kí ẹ kọ́kọ́ wo ẹyẹ náà fúnra ẹ̀ kí ẹ tó wàásù lé e lórí. Ẹ wà níbi tó dáa fún un, torí Abuja àti òkè ọ̀hún kún fún ẹyẹ, ẹ jẹ́ kí n mú díẹ̀ fún yín.

Àkọ́kọ́ ni ẹyẹ tó ń ṣe ohun tí wọ́n purọ́ ẹ̀ mọ́ idì. Àtíòro ni. Èyí tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa níbí jẹ́ eléérú, ẹnu ẹ̀ gùn ó sì tẹ̀ wá sílẹ̀, tó bá ń fò á lu apá díẹ̀, á tún jù ú sílẹ̀, á wá máa lọ sókè-sódò, igbe ẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń súfèé. Lápá Bwari yẹn, lọ́nà Usuma Dam, tí ẹ bá fara balẹ̀ ẹ máa rí i. Nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin, abo á wọ inú ihò igi lọ, á wá fi amọ̀ àti ìgbẹ́ ara ẹ̀ mọ ẹnu ihò yẹn pa mọ́ ara ẹ̀ nínú, á ku ojú tóóró kan ṣoṣo tí ṣóńṣó ẹnu akọ lè wọ̀. Ejò ò lè wọlé, ọ̀bọ ò lè tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ló máa wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibẹ̀ náà ni gbogbo ìyẹ́ apá àti ti ìrù ẹ̀ á ti bọ́ dànù láàárín àkókò kúkúrú, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi ti idì, tí kò fi ní lè fò rárá. Tí wọ́n bá rí i níta lásìkò yẹn, ẹran ìjẹ ni. Akọ ló ń lọ tó ń bọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń gbé kòkòrò, èso àti alángbá wá, ó ń tì í gba ojú tóóró yẹn wọlé fún ìyá àtọmọ. Nígbà tí ìyẹ́ tuntun bá ti hù, táwọn ọmọ náà ti ń dàgbà, abo á fọ́ ògiri yẹn jáde, á ti gba ara tuntun. Àwọn ọmọ tó kù nínú ihò á tún mọ ọ́n pa padà fúnra wọn (àwọn ọmọ tí ò tíì fò rí o!), bàbá àtìyá á wá jọ máa bọ́ wọn títí wọ́n á fi jáde.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ìtàn WhatsApp. Ẹyẹ tí Ọlọ́run dá níti gidi, ìdọ̀tun ẹ̀ kì í ṣe láti inú agbára ẹ̀, inú ìgbà tí kò lágbára rárá ló ti wá, ó wà níhòòhò nínú òkùnkùn, ẹnu ẹlòmíì ni oúnjẹ ẹ̀ wà. Torí ara ẹ̀ kọ́ ló sì ṣe wọlé, torí ọmọ ni. Èmi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ṣe ìwàásù ọdún tuntun, bẹ́ẹ̀ ó sún mọ́ Bíbélì ju ti idì yẹn lọ fíìfíì. Ẹ rántí Èlíjà létí odò Kérítì nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 17. Wòlíì tó ti òjò, tí ọba ń wá kiri, Olúwa ní kó lọ fara pa mọ́, kó sì jókòó síbẹ̀ kí ẹyẹ ìwò máa gbé búrẹ́dì àti ẹran wá fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìwò, tí Léfítíkù 11:15 kà mọ́ ẹyẹ aláìmọ́! Gbogbo ohun tó kù fún alágbára yẹn láti ṣe ni kó lanu. Àwọn ìyá tó bá ti tọ́mọ ọwọ́ rí máa tètè gbọ́ èyí ju àwa ọkùnrin lọ, ẹ bá mi sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn obìnrin kí ẹ wo ojú wọn.

Ní ti idì Àìsáyà 40:31 tó ní àwọn tó dúró de Olúwa á fi ìyẹ́ gòkè bí idì, ìyẹn náà, ojú lẹ fi máa rí i, ẹ ò sì nílò láti lọ jìnnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé idì gan-an ò wọ́pọ̀ láàárín ìlú, ẹ lè lò àṣá dípò. Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ ti lè rí àpáta, Abuja ò kúkú ṣàìní àpáta. Láàárọ̀ kùtù ẹ ò ní rí ẹyẹ ńlá tó ń rábàbà lókè réré, orí igi àti orí òpó iná ni wọ́n máa wà. Tí oòrùn bá ti ta sára àpáta, àpáta á gbóná, afẹ́fẹ́ ara ẹ̀ á gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ru gòkè, ìgbà yẹn ni ẹyẹ á na apá ẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀, á máa yí po, yí po, láìlu apá, títí á fi kéré lójú yín. Ohun tó gbé e lọ sókè, kò sẹ́ni tó rí i. Tó bá fi tipátipá lu apá lọ sí irú gíga yẹn, á rẹ̀ ẹ́ kó tó débì kan. Mi ò ní kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa ṣàlàyé ìdúró de Olúwa pẹ̀lú ìyẹn, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ẹyẹ kejì, ẹ bi àwọn ará Hausa àdúgbò yín nípa shamuwa. Irú àkọ̀ kan ni, ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú, ikùn ẹ̀ funfun. Nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lókè ọ̀hún ló ń dé, á tẹ́ ìtẹ́ sórí igi àárín abúlé, nígbà míì sórí ilé gan-an, á máa ṣa tata jẹ nínú oko, káwọn àgbẹ̀ sì ti rí i báyìí wọ́n mọ̀ pé ó ti tó àkókò, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Tí òjò bá parí, á fò gba Ìlà Oòrùn Áfríkà lọ sí apá gúúsù ilẹ̀ adúláwọ̀ níbi tí òjò tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Jeremáyà 8:7 ló wá ń ká mi lára tí mo bá ń wò ó: àkọ̀ lójú ọ̀run mọ àkókò ẹ̀, àdàbà àti lékèélékèé pẹ̀lú alápàńdẹ̀dẹ̀ ń pa ìgbà wíwá wọn mọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn mi ò mọ ìdájọ́ Olúwa. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì tí Jeremáyà wà, ojú ọ̀nà àwọn àkọ̀ funfun tó ń bọ̀ láti Yúróòpù sí Áfríkà ni, gbogbo ọdún ni wọ́n ń gba orí wọn kọjá, ọmọdé ò lè ní òun ò rí i. Ohun tí wòlíì yẹn ń sọ le gan-an: ẹ̀ ń wo ẹyẹ tó ń gbọ́ràn lókè orí yín lọ́dọọdún, ẹ̀yin sì wà nílẹ̀ ẹ ò padà. Mo fẹ́ràn kí wọ́n ka ẹsẹ yìí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ti Mátíù 6:26 wá, pé ẹyẹ kì í fúnrúgbìn, wọn kì í kórè, Baba yín tó wà lọ́run sì ń bọ́ wọn. Ẹ lọ wàásù ìyẹn fún àgbẹ̀ ní Kebbi tàbí Jigawa kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa wò yín! Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ẹyẹ kì í fúnrúgbìn lóòótọ́ àmọ́ ó ń kórè dáadáa. Ẹyẹ kékeré kan wà tí Hausa ń pè ní jan baki, àwọn onímọ̀ ń pè é ní quelea, wọ́n ní kò sí ẹyẹ igbó tó pọ̀ tó o láyé. Ọ̀kan lè jẹ nǹkan bíi gíráàmù 10 ọkà lójúmọ́, ìyẹn ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tí mílíọ̀nù kan bá bà sórí oko jéró àti ìrẹsì, tọ́ọ̀nù 10 ló lọ lọ́jọ́ kan yẹn, ìjọba tiẹ̀ máa ń fi ọkọ̀ òfúrufú fọ́n oògùn sí wọn. Mo sọ èyí torí àwọn tó ń fi ẹsẹ yẹn gbe ọ̀lẹ, tí wọ́n ní àwọn ń gbé nípa ìgbàgbọ́, tí wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ olóko. Ẹyẹ tí Jésù ní ká wò, àfẹ̀mọ́jú ló ti jáde, ó ń ṣa, ó ń wá, kò jókòó sínú ìtẹ́ kó lanu àfi tó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ohun tí kì í ṣe ni àníyàn. Nínú ìwé Lúùkù 12:24 Jésù dárúkọ ẹyẹ ọ̀hún, ìwò náà ló tún mú, aláìmọ́ yẹn, kì í ṣe ẹyẹlé tí wọ́n fi ń rúbọ ní tẹ́ńpìlì. Ìbátan ìwò ni kannakánná tó wà káàkiri Abuja, tó dúdú tí àyà ẹ̀ funfun, tó ń yí ààtàn ká. Ẹ fi ìka hàn án fáwọn ọmọ: tí Baba bá ń bọ́ eléyìí...

Èyí tó tẹ̀ lé e yìí, èmi fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀, torí àtitọ́mọ ló dá lé. Jos ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Jos Plateau indigobird, akọ ẹ̀ dúdú tó ń dán bí aṣọ aró. Kì í tọ́ ọmọ ẹ̀, inú ìtẹ́ ẹyẹ míì ló ń yé ẹyin sí, ẹni ẹlẹ́ni á bá a tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ tó bá jẹ́ akọ, orin bàbá tó tọ́ ọ ló máa kọ́, tó bá dàgbà orin yẹn lá máa kọ títí, bẹ́ẹ̀ ará ilé yẹn kọ́ ni, àwọ̀ wọn ò jọra. Ọ̀gbẹ́ni kan láti Amẹ́ríkà, Robert Payne, ń gbọ́ orin indigobird yìí, ó rí i pé orin tó ń sín jẹ kì í ṣe ti ẹyẹ kankan tí wọ́n ti mọ̀. Wọ́n wá a lọ sínú àwọn òkè olókùúta Jos, wọ́n sì rí ẹyẹ tó ni orin náà, ẹyẹ pupa kékeré kan tí ayé sáyẹ́ǹsì ò mọ̀ rí, wọ́n sọ ọ́ ní rock firefinch, ọdún 1998 ni wọ́n kéde ẹ̀. Ẹnu ọmọ tí wọ́n tọ́ ni wọ́n ti mọ̀ pé olùtọ́ wà! Bí mo bá ń ka Mátíù 26:73, níbi tí wọ́n ti sọ fún Pétérù pé ohùn rẹ ń fi ọ́ hàn, ẹyẹ yìí ni mo ń rántí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà Sunday school, àwọn ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ yẹn, ẹ̀yin kọ́ lẹ bí púpọ̀ nínú wọn, àmọ́ orin tí wọ́n máa kọ ní ọdún 20 sí i, kò burú tí ẹnì kan bá gbọ́ ọ tó sì béèrè ibi tí wọ́n ti tọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ ẹyẹ lórílẹ̀-èdè yìí, Jos yẹn náà ni olú ibùdó ẹ̀, iléeṣẹ́ ìwádìí A.P. Leventis tó wà lábẹ́ yunifásítì wọn ní Laminga, ọmọ yín á ti gbọ́ orúkọ ẹ̀.

Àmọ́ ẹ fún mi láyè kí n kìlọ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó kọjá àyè. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹyẹ ń ṣe ni ká fara wé. Indigobird tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn tán yìí, ìyá ẹ̀ já a sílẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni. Àwọn idì kan wà, Verreaux's eagle wà lára wọn, tó jẹ́ pé ẹyin méjì ni wọ́n sábà ń yé, èyí tó bá kọ́kọ́ jáde látinú ẹyin á máa ṣá àbúrò ẹ̀ lẹ́nu títí á fi kú, ìyá àti bàbá wọn á wà níbẹ̀ wọn ò ní là wọ́n. Ẹ tíì gbọ́ ìyẹn nínú ìwàásù idì? Ẹ ò ní gbọ́ ọ. Bíbélì fúnra ẹ̀ ò bo irú ẹ̀ mọ́lẹ̀, Jóòbù 39 sọ pé ògòǹgò ń fi ẹyin ẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni pé ọmọ náà kì í ṣe tiẹ̀, torí Ọlọ́run ò fún un lọ́gbọ́n yẹn, tó bá sì wá sáré, á fi ẹṣin àti ẹni tó gùn ún rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ń yangàn lórí ẹyẹ náà tòun ti àbùkù ẹ̀. Ìwé Mímọ́ ló ń sọ ohun tó tọ́ fún wa, ẹyẹ kàn ń jẹ́ ká rí i lójú ni. Tí ẹ̀kọ́ kan ò bá sí nínú Bíbélì, kí ẹ má ti ìdí ẹyẹ yọ ọ́.

Ẹ̀kejì ìkìlọ̀, èyí sì kan àwa Yorùbá gan-an: ẹ̀rù. Ibi tí èèyàn kan ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára ẹyẹ, ibẹ̀ ni ẹlòmíì ti ń rí àjẹ́. Òwìwí bà sórí òrùlé, wọ́n ti ń kó òkò, wọ́n ń pe orúkọ Jésù sí i, bẹ́ẹ̀ eku inú ilé yín ló wá pa. Mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ní òwìwí nínú àjà, àwọn kan fi ọ̀sẹ̀ kan gbàdúrà lé e lórí kí wọ́n tó wá pa á, kò pẹ́ tí eku fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wáyà kíbọ́ọ̀dù, ó dọwọ́ yín kí ẹ sọ ta ni ọ̀tá. Òwe 26:2 tiẹ̀ fi ẹyẹ dáhùn ọ̀rọ̀ yìí, ó ní bí ológoṣẹ́ ṣe ń rìn kiri tí alápàńdẹ̀dẹ̀ ń fò kiri, bẹ́ẹ̀ ni èpè tí kò nídìí ò ní bà léni. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ẹsẹ yẹn, á wúlò fún wọn ju ìtàn idì lọ.

Igún náà ńkọ́? Àwọn bàbá wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí, Léfítíkù 11 náà sì ní a ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Lónìí, ọjà àgbo ni wọ́n ń kó o lọ, orí ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀, májèlé sì ń pa èyí tó kù, tó fi jẹ́ pé igún tó wọ́pọ̀ ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù nígbà èwe wa, láti 2015 ni wọ́n ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ láyé. Òfin kan wà nínú Diutarónómì 22:6-7 tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wàásù lé lórí: tí o bá rí ìtẹ́ ẹyẹ lójú ọ̀nà, tí ìyá sàba lórí ẹyin tàbí ọmọ, má kó ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ, jẹ́ kí ìyá lọ, kó lè dáa fún ọ, kí ọjọ́ rẹ lè pẹ́. Ìlérí ẹ̀mí gígùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú èyí tó wà lára bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ, fún ìtẹ́ ẹyẹ lásán! Tí alápàńdẹ̀dẹ̀ bá sì mọ ilé sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ bá mi bẹ àwọn tó ń tún ilé ṣe kí wọ́n má fi ọ̀pá tì í dànù torí ìgbẹ́ díẹ̀, Sáàmù 84:3 ti fún un láyè lẹ́bàá pẹpẹ kí wọ́n tó dá ìgbìmọ̀ wọn sílẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa wá tún un ṣe? Ti àwọn ọmọ rọrùn. Ẹ sọ fún wọn ní Sunday tó ń bọ̀ pé ìtàn yẹn kì í ṣe òótọ́, a ti wádìí ẹ̀, ẹ wá sọ ti àtíòro fún wọn, ẹ ní kí wọ́n yàwòrán ihò igi pẹ̀lú ojú tóóró yẹn. Ọmọdé ò ní bá yín jà, àgbà ló máa ń bá èèyàn jà. Ti pásítọ̀ ni kẹ́ ẹ fọgbọ́n ṣe: ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín dìde nínú ìsìn o, kó má sì fi ránṣẹ́ sórí group. Ẹ lọ bá wọn nínú ọ́fíìsì, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, ẹ ní ọmọ yín ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹyẹ, ó sì ní nǹkan kan tó lè wúlò fún ìwàásù, kẹ́ ẹ sọ ti abo àtíòro fún wọn kẹ́ ẹ tó dé orí idì. Púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n bá ti rí èyí tó dáa jù, ìyẹn náà á kúrò nílẹ̀ fúnra ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kó kíláàsì jáde, ẹ lọ láàárọ̀ Saturday, aago 7 kí oòrùn tó mú, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí, etí adágún omi Jabi dáa, Millennium Park náà dáa, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló dáa jù torí àwọn ẹyẹ Yúróòpù á ti dé láti bíi October. Omi mímu, fìlà, ìwé kan fún ọmọ méjì, kẹ́ ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n kàn máa wò ni, ẹ̀kọ́ ọ̀hún kẹ́ ẹ di ìgbà tẹ́ ẹ bá padà dé. Ọmọ yín ni kẹ́ ẹ fi ṣe olórí ìrìn yẹn. Ẹ ní kó wá Nigerian Bird Atlas Project lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù lásán ló máa fi máa kọ ẹyẹ tó bá rí sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì ń wá èèyàn ní gbogbo ìpínlẹ̀.